Àpò Aṣọ Lọ́wọ́ Ìyàwó Ilé

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ìwà ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ó kan ọjà tí a ń ná lójoojúmọ́ pẹ̀lú. Ewé tí ìyá ọlọ́ṣẹ fi di ọṣẹ dúdú lè jẹrà mọ́ ọṣẹ náà, nítorí pé láti inú ilẹ̀ ni ó ti wá, ilẹ̀ ni ó sì ń padà sí. Ọ̀rá tí a fi ń dì í lóde òní ńkọ́? Bí ó lo ọdún mẹ́wàá lára ọṣẹ, ọ̀rá ni yóò máa jẹ́. Bí a sọ ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rá ni. Bí àgbàrá gbé e lọ sí oko, ọ̀rá ni. Bí ewúrẹ́ gbé e mì, ọ̀rá náà ni.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìletò àti ìlú kéékèèké Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀rọ̀ àpò tí a ń gbé lọ sí ọjà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní oṣù yìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ilé tọ́jú mọ̀ pé ibi ohun kékeré ni owó ti ń jò, ibẹ̀ náà sì ni àìsàn ti ń wọlé.

BÍ Ọ̀RÁ ṢE DÉ ÀÁRÍN WA

Kí ọ̀rá tó dé, àwọn ìyá wa kò ṣàìní ohun tí wọ́n fi ń kó ọjà. Agbọ̀n àti apẹ̀rẹ̀ wà fún iṣu, ata àti ẹ̀fọ́. Igbá wà fún ẹ̀wà, gààrí àti èlùbọ́. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ewé náà ni alápatà fi ń di ẹran fún oníbàárà. Àpò ìdọ̀họ wà fún kòkó àti èkùrọ́. Ọ̀kẹ́ sì wà fún owó ẹyọ: 20,000 ẹyọ ni ó ń kún inú ọ̀kẹ́ kan, èyí ni ó mú kí ọ̀kẹ́ di orúkọ iye náà nínú ìṣirò Yorùbá títí di òní. Kò sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a tó sọ ọ́ nù, àfi ewé. Ewé kò sì ni ilẹ̀ lára.

Ní ọdún 1933, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì ní ilé iṣẹ́ ICI ní Northwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣèèṣì rí ohun funfun kan bí ìda nínú ohun èlò ìdánwò wọn. Ohun náà ni polythene, tí ó di ọ̀rá lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ó yá, Sten Gustaf Thulin, ọmọ ilẹ̀ Sùwídìn, ronú bí a ṣe lè fi ọ̀rá ṣe àpò tí ó ní ọwọ́ méjì, tí kò sì ní ojú ìsọpọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ Celloplast tí ó ń bá ṣiṣẹ́ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ọmọ Thulin ti ṣàlàyé ní gbangba pé igi tí wọ́n ń gé láti fi ṣe àpò oníbébà ni ó ń dun baba òun, àti pé baba òun a máa ká àpò ọ̀rá sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ láti tún un lò. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò rán ẹnikẹ́ni pé kí ó fi gbé ata láti ìsọ̀ dé ilé, kí ó sì sọ ọ́ sí ojú àgbàrá.

ÌṢIRÒ ỌJÀ ỌDÚN KAN

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń padà wá. Nínú ọdún kan, ó jẹ́ nǹkan bí ìgbà 91. Bí ìyàwó ilé kan bá gba ọ̀rá 5 ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ata, ọ̀kan fún ẹja, ọ̀kan fún gààrí, ọ̀kan fún ẹ̀fọ́, àti èyí tí ó tóbi tí wọ́n kó gbogbo wọn sí, ọ̀rá 455 ni yóò gbé wọlé ní ọdún kan. Bí agbo ilé bá ní ìyàwó mẹ́wàá, ó di 4,550. A kò tí ì ka ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, àti èyí tí àwọn ọmọ gbà bọ̀ láti ilé ìwé.

Níbo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Èyí tí àwọn akólẹ̀ bá kó ní ìgboro, wọn kì í dà á sí àárín ìgboro. Nínú àwọn ààtàn ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún Ìbàdàn, Lapite wà ní Akínyẹlé, Aba-Eku sì wà ní Ọ̀nà-Àrà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ará oko gan-an: ará ìgboro ni ó ń ra ọjà, ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀rá rẹ̀ ń wá sùn. Ọ̀rá tiwa gan-an wá ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé, ojú àgbàrá àti iná ni ó kù fún un.

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, ààtàn ẹ̀yìnkùlé jẹ́ ohun ìní. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ àti eérú ààrò a máa jẹrà pọ̀, a sì máa di ajílẹ̀ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ilá. Láti ìgbà tí ọ̀rá ti wọ inú rẹ̀, ó ti di ohun tí àgbẹ̀ ń sá fún.

JÀǸBÁ TÍ Ó Ń ṢE

Àwọn ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé omíyalé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn àti dúkìá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀ fún wákàtí díẹ̀, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì ṣòfò. Kò ní jẹ́ òtítọ́ bí a bá di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀rá. Ilé tí a kọ́ sí bèbè odò ní ẹ̀bi tirẹ̀, afárá tí ẹnu rẹ̀ kéré ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ó dí ojú omi wà lára ohun tí ó sọ òjò di ẹkún, ọ̀rá sì ni ọ̀gá nínú ìdọ̀tí tí ń dí ojú omi, nítorí pé kì í jẹrà, ó sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ bo ẹnu ihò. Òjò yóò máa rọ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀nà rẹ̀ ni ó yẹ kí a là fún un.

Nínú oko, ọ̀rá tí a bá kọ mọ́ ebè kì í jẹ́ kí omi ráyè wọ ilẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kì í sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ẹ̀yìnkùlé, èyí tí ó bá gba omi òjò dúró di ilé ẹ̀fọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹ fetí sí èyí. Ẹran kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín èèpo ẹ̀gẹ́ àti ọ̀rá tí wọ́n fi kó o, nítorí pé iyọ̀ àti òórùn oúnjẹ wà lára ọ̀rá náà. Ohun tí ó bá gbé mì kò ní dà nínú rẹ̀, kò sì ní bá ìgbẹ́ jáde. Díẹ̀ díẹ̀ ni yóò máa ṣù pọ̀ nínú àpòlúkù títí tí kò fi ní sí àyè fún koríko mọ́. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹranko tẹ ìwádìí jáde lórí irú àìsàn yìí lára àwọn àgùntàn ní agbègbè Màídúgúrì. Ìyàwó ilé tí ewúrẹ́ rẹ̀ ń rù bí ẹni pé ebi ń pa á, tí ikùn rẹ̀ sì wú, kò yẹ kí ó kọ́kọ́ fura sí aládùúgbò. Kí ó yẹ ààtàn rẹ̀ wò.

Ewu mẹ́ta ni ó wà nínú ilé. Èkíní ni fífi ọ̀rá dáná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ọ̀rá ran iná èédú àti igi nítorí pé ó ń tètè gbiná. Èéfín rẹ̀ kì í ṣe èéfín igi lásán. Kẹ́míkà olóró wà nínú rẹ̀, ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn sì ni ó ń fà á símú jù nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì kéré. Dípò ọ̀rá, ẹ wá èèpo igi gbígbẹ, ìṣẹ́pẹ́ tàbí ìhá ẹyìn.

Èkejì ni oúnjẹ gbígbóná. Àmàlà tí ó ń hó, ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà àti mọ́ínmọ́ín tí a sè nínú ọ̀rá kò dára fún ara. Ooru a máa mú kí díẹ̀ lára èròjà tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá yọ́ wọ inú oúnjẹ. Ọ̀rá dúdú àti aláràbarà burú jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àlòkù ọ̀rá tí a kò mọ orísun rẹ̀ ni wọ́n yọ́ pọ̀ fi ṣe é. Ewé eéran àti ewé gbódógì ṣì wà nínú igbó wa, àwọn ìyá tí ń já a sì ń wá owó ilé ìwé ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a ra ewé lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ wẹ́wẹ́. Ọmọ tí ó ń rá tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn fẹ́ràn láti máa fi nǹkan bo orí. Bí ó bá ki orí bọ ọ̀rá, ọ̀rá náà yóò lẹ̀ mọ́ imú àti ẹnu rẹ̀, èémí rẹ̀ sì lè pin kí ìyá rẹ̀ tó ti ìdí ààrò dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá sílẹ̀ ní ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

ÒWÚ PẸ̀LÚ NÍ OHUN TÍ Ó Ń GBÀ

Òwú kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń gbọn òwú, tí wọ́n ń ran án, tí wọ́n sì ń hun kíjìpá nínú ilé. Láàárín ọdún 1905 sí 1906, ẹgbẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń wá òwú fún ilé ìhunṣọ wọn gba ilẹ̀ ní ibi tí a ń pè ní Moor Plantation ní Ìbàdàn lónìí láti fi gbin òwú. Ní ọdún 1910, ibẹ̀ di olú ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn fún apá gúúsù Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kòkó ni àwọn àgbẹ̀ wa yàn láàyò, nítorí pé owó wà nínú rẹ̀ ju òwú lọ.

Lónìí, ní àwọn ìlú ńlá àti ní òkè òkun, àpò tí wọ́n ń polówó ni èyí tí wọ́n fi òwú tí kò fojú kan ajílẹ̀ ilé iṣẹ́ tàbí oògùn apakòkòrò ṣe. Ohun tí ó dára ni, nítorí pé oògùn apakòkòrò ń pa àgbẹ̀ lára, ó sì ń ba omi jẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ gbogbo òtítọ́ kí a tó fi owó ọbẹ̀ ra àpò tuntun. Òwú ń gba ilẹ̀, ó ń gba omi, rírán àti híhun rẹ̀ sì ń gba iná mànàmáná. Òwú tí a kò lo ajílẹ̀ ilé iṣẹ́ fún kì í so tó èkejì rẹ̀, nítorí náà ó ń gba ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àyíká ní Dẹ́ńmáàkì gbé ìwádìí kan jáde lórí oríṣiríṣi àpò ọjà. Wọ́n fi wọ́n wé àpò ọ̀rá tí àwọn ilé ìtajà wọn ń tà. Bí ó bá jẹ́ ooru ayé nìkan ni a rò, a gbọ́dọ̀ lo àpò òwú lásán ní ìgbà 52, kí a sì lo ti òwú aláìlóògùn ní ìgbà 149, kí wọ́n tó sàn ju ọ̀rá lọ. Bí a bá ka gbogbo oríṣi ìpalára tí wọ́n wọ̀n pọ̀, ti òwú lásán di ìgbà 7,100. Ti òwú aláìlóògùn di ìgbà 20,000. Ọ̀kẹ́ kan gan-an nìyẹn!

Ẹ jẹ́ kí a gbé e lé ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tiwa. Ìgbà 52 jẹ́ nǹkan bí oṣù 7. Ìgbà 149 jẹ́ nǹkan bí oṣù 20. Ṣùgbọ́n ìgbà 7,100 jẹ́ ọdún 78, ìgbà 20,000 sì jẹ́ nǹkan bí ọdún 220. Ta ni yóò gbé àpò kan lọ sí ọjà fún ọdún 220?

Ṣé a wá ní kí a padà sí ìdí ọ̀rá ni? Rárá o. Ìwádìí náà kò ka ọ̀rá tí ó di ìdọ̀tí ní ìgboro, nítorí pé ní Dẹ́ńmáàkì wọ́n ń kó ọ̀rá pọ̀ ni, wọ́n sì ń sun ún ní ilé iṣẹ́ tí ń fi ìdọ̀tí pèsè iná. Kì í ṣe ojú àgbàrá ni tiwọn ń sùn, kì í sì í ṣe ikùn ewúrẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé aṣọ tí ó ti wà nílẹ̀ ni kí a fi rán àpò. Òwú inú ìró tí ìyá ìyàwó ti lò fún ọdún mẹ́wàá, a ti gbìn ín, a ti hun ún, a ti san owó rẹ̀. Bí a bá fi rán àpò, ilẹ̀ kankan kò tún ní gbé òwú mìíràn dìde nítorí rẹ̀. Àpò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a ń lò dọ́gba-dọ́gba sì sàn ju ogún àpò tí a kó jọ sínú àpótí fún ẹwà lọ.

BÍ A ṢE LÈ MỌ ÒWÚ GIDI

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jọ aṣọ ni ó jẹ́ òwú. Púpọ̀ nínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń kó ẹ̀bùn sí níbi ìnáwó, tí orúkọ olóògbé tàbí ti ìyàwó wà lára rẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é. Nínú àwọn ànkárá tí ó wà lọ́jà pẹ̀lú, àwọn kan kì í ṣe òwú rárá.

Ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ ní etí aṣọ náà. Ẹ fi ohun ìfàrun mú un lórí abọ́ omi, kí ọmọdé má sí nítòsí, kí ẹ sì ṣáná sí i. Bí ó bá jẹ́ òwú, yóò jó bí ìwé, òórùn rẹ̀ yóò dà bí ti bébà, eérú rẹ̀ yóò sì fẹ́lẹ́ tí yóò fi tú ní ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá, yóò sún kì, yóò yọ́, yóò sì di kóró líle. Ṣùgbọ́n bí àpò ìnáwó bá ti wà nílé, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ máa lò ó títí tí yóò fi gbó.

BÍ A ṢE Ń RÁN ÀPÒ NÁÀ

Ìró ògbólógbòó kan tí ó jẹ́ ọ̀pá méjì, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 45, yóò fún yín ní àpò ńlá mẹ́ta, àti àpò kéékèèké fún ẹ̀wà àti gààrí. Ẹ gbé e sí ojú oòrùn kí ẹ lè rí ibi tí ó ti ṣá tàbí tí ó ti ya. Ibẹ̀ ni kí ẹ yẹra fún.

1. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a, kí ẹ sì lọ̀ ọ́.

2. Fún àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ gé aṣọ tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 17, tí ó sì gùn ní íǹṣì 36, èyí tí í ṣe ọ̀pá kan. Ìró náà yóò fún yín ní mẹ́rin irú rẹ̀. Ẹ ya ẹ̀kẹrin sọ́tọ̀ fún àwọn àpò kéékèèké.

3. Lára èyí tí ó kù ní ẹ̀gbẹ́, ẹ gé ọ̀já mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì 4, tí ó sì gùn ní íǹṣì 24. Méjì ni ti àpò kan.

4. Ẹ ṣẹ́ aṣọ àpò náà po sí méjì kí ó di íǹṣì 18 ní gígùn, kí ojú rẹ̀ tí ó dára wà ní òde. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ìdajì íǹṣì sí etí. Ẹ gé etí náà kù díẹ̀, ẹ yí àpò náà padà kí ẹ̀yìn aṣọ bọ́ sí òde, kí ẹ sì tún rán ẹ̀gbẹ́ kan náà ní ìdajì íǹṣì. Báyìí ni etí aṣọ yóò ṣe há sí àárín ìrán méjì, tí kò ní tú, tí kò sì ní já bí iṣu bá wúwo.

5. Ẹ ká ọ̀já kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin ní ìbú kí ó di íǹṣì kan, kí ẹ sì rán etí rẹ̀ méjèèjì.

6. Ẹ ká ẹnu àpò náà sínú ní ìdajì íǹṣì, kí ẹ tún ká a ní íǹṣì kan àti ààbọ̀. Ẹ ti orí ọ̀já bọ abẹ́ rẹ̀ ní íǹṣì mẹ́ta àti ààbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rán ẹnu àpò yíká. Ẹ fa ọ̀já náà sókè, ẹ rán ìdí rẹ̀ ní igun mẹ́rin, kí ẹ sì fa ìrán méjì gba àárín rẹ̀ kọjá kí wọ́n dábùú ara wọn. Ibí yìí ni ẹrù ń fà jù.

7. Ẹ yí i padà. Àpò náà yóò fẹ̀ ní íǹṣì 15, yóò sì jìn ní íǹṣì 16.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ lè fi ọwọ́ rán an, kí ó ṣáà jẹ́ kí ojú ìrán súnmọ́ra, kí òwú ìrán rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin aránṣọ náà, ẹ má sọ àgékù aṣọ nù. Ẹ so wọ́n pọ̀ fi rán àpò. Yóò wúlò fún ilé, ẹ ó sì rí i tà.

NÍGBÀ TÍ A BÁ DÉ ỌJÀ

Àpò kan kò lè gba gbogbo nǹkan mọ́ra. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà lè wọ inú àpò ńlá. Gààrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ń fẹ́ àpò kékeré tí aṣọ rẹ̀ hun pọ̀ dáadáa, tí ó sì ní okùn ní ẹnu; èlùbọ́ a máa yọ́ gba ojú aṣọ tí ó ṣí. Ata tútù àti tòmátì dára nínú agbọ̀n kékeré. Ẹja àti ẹran kò gbọ́dọ̀ kan aṣọ rárá: abọ́ tí ó ní ìdérí ni kí ẹ gbé lọ fún wọn. Ní àkókò òjò, ẹ lè fi ọ̀rá kan tí ó nípọn sínú àpò yín fún ẹrù tí omi kò gbọ́dọ̀ kàn, kí ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa sá a fún ìlò mìíràn.

Ẹ má gbàgbé ìmọ́tótó. Àpò tí ẹ̀jẹ̀ ẹran tàbí omi ẹja bá kàn, tí a ká jọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ọjà mìíràn, yóò kó kòkòrò àìsàn ran ẹ̀fọ́ tí a bá kó sínú rẹ̀. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọ àpò yín ní gbogbo ìgbà tí ó bá dọ̀tí. Ẹ máa yí inú rẹ̀ sí òde, kí ẹ sì sá a sí oòrùn títí tí yóò fi gbẹ táútáú.

Àwọn kan yóò sọ pé ojú ń ti àwọn láti kọ ọ̀rá tí oníṣòwò nà sí wọn. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀ bí a bá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. “Ìyá aláta, ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà o. Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà ọ̀rá, àpò wà lọ́wọ́ mi.” Inú ìyá náà yóò dùn, nítorí pé nínú èrè rẹ̀ ni ó ti ń ra ọ̀rá tí ó dà bí ọ̀fẹ́ lójú yín. Bí ó bá fẹ́ ṣe yín lóore, ènì ni kí ó bu sí i.

Àwọn mìíràn yóò ní àpò aṣọ jọ ti ará oko. Ta ni kì í ṣe ará oko nínú wa? Ẹ rán an kí ó gún régé, ẹ fi àdìrẹ ṣe e bí ẹ bá ní i, ẹ ó sì rí i bí àwọn ẹgbẹ́ yín yóò ti máa béèrè ẹni tí ó rán an. Ẹ rán ọ̀kan fún baálé ilé pẹ̀lú, kí ó máa ká a sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀rá búrẹ́dì àti ti èso tí àwọn ọkọ ń gbé bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kò kéré.

A KÒ NÍ DÚRÓ DE ÒFIN

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti fi òfin de ọ̀rá. Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì ṣe é ní ọdún 2002 lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé ọ̀rá dí ojú omi nígbà omíyalé. Rùwáńdà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2008. Ní Kẹ́ńyà, òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn ńlá sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni orílẹ̀-èdè Bìnì, níbi tí àwọn ará wa ti Kétu àti Sábẹ̀ wà, ṣe òfin lórí àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lórí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025.

Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ ilé ìdáná. Obìnrin ni ó ń pinnu ohun tí wọn yóò fi gbé gààrí wọlé, ohun tí wọn yóò fi ran iná, àti ohun tí ọmọ yóò gbà ṣeré. Ilé kan tí ó bá fi ọ̀rá 455 sílẹ̀ ní ọdún kan kò lè dá omíyalé dúró. Ilé ọgọ́rùn-ún tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò mú ọ̀rá 45,500 kúrò ní ojú àgbàrá abúlé wọn, wọn yóò sì rí ìyàtọ̀ náà nígbà tí òjò bá dé. Ẹgbẹ́ ìyàwó ilé, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àsàlátù àti ẹgbẹ́ aláta lè fi ẹnu kò lórí rẹ̀ ní ìpàdé kan ṣoṣo.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé, ẹ ṣí àpótí yín, kí ẹ wá ìró kan tí ẹ kò fi ń jáde mọ́, ẹ fi iná dán fọ́nrán kan wò, kí ẹ sì rán àpò kan. Ẹ gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ojú yín yóò ti rí i bí ẹ bá ń jáde.